Bọ́ọ̀sì Abidjan kì í dúró de nótíìsì oṣù kan

Ní Èjìgbò, ìròyìn pé òṣìṣẹ́ kan ti fiṣẹ́ sílẹ̀ kì í sábà gba inú lẹ́tà dé etí ọ̀gá. Orí WhatsApp ni ọ̀gá ti máa ń rí i. Ọmọ tó sọ pé "ó dàárọ̀ o, mà" nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tó bá fi máa di ọjọ́ Ajé, fọ́tò bodè Sẹ̀mẹ̀ ló máa wà lórí status rẹ̀. Tó bá tún ṣe díẹ̀, Lomé. Lẹ́yìn ìyẹn, Abidjan. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ti wà lọ́wọ́ ìyá tó ń ta ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ọ̀gá ń pe nọ́ńbà, nọ́ńbà ò lọ.

Ẹni tí kì í ṣe ará Ọ̀ṣun lè rò pé àsọdùn ni. Kì í ṣe àsọdùn o. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá làwọn ọmọ Èjìgbò ti ń lọ ṣòwò ní Ivory Coast, débi pé bọ́ọ̀sì máa ń gbéra láti ìlú náà lọ tààrà sí Abidjan, tó ń gba Benin, Togo àti Ghana kọjá. Àwọn àgbà wà ní Èjìgbò tí èdè Faransé yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, owó sẹ́fà kì í sì í ṣe àjèjì lọ́jà wọn. Ogun tó bẹ́ sílẹ̀ ní Ivory Coast lọ́dún 2002 àti rògbòdìyàn ìbò ọdún 2010 sí 2011 lé ọ̀pọ̀ èèyàn padà wálé, àmọ́ nígbà tí ara tún rọ ìlú ọ̀hún, ọ̀nà tún là. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ṣe lọ́dún 1979 ló tún mú un rọrùn: ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú ẹgbẹ́ náà lè wọ òmíì kó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀ láì gba físà.

Owó wá dá kún un. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, 1,000 sẹ́fà kò tó ₦1,000 ní iye tí báńkì ń ṣẹ́ ẹ. Nígbà tó fi máa di ọdún 2024, ó ti lé ní ₦2,000. Ẹ wá gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ń gba ₦35,000 lóṣù nídìí títa oògùn tàbí nídìí POS. Lóòótọ́, òfin owó oṣù tó kéré jù lọ ti di ₦70,000 láti oṣù keje ọdún 2024, ṣùgbọ́n òfin yẹn kan náà yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò tó 25 sílẹ̀. Mélòó nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù, ilé ìwé kéékèèké àti ilé iṣẹ́ omi inú ọ̀rá tó wà ní Èjìgbò, Másífà tàbí Ifẹ̀-Ọ̀dàn ló ní òṣìṣẹ́ 25? Nítorí náà, tí ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni bá pè láti Abidjan pé àyè ṣí sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù òun, tí bọ́ọ̀sì sì ń lọ lọ́jọ́ Sátidé, ta ló fẹ́ jókòó ṣe oṣù kan sí i torí nótíìsì?

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mi nìyẹn, wọ́n sì máa ń bi mí lẹ́yìn tí bọ́ọ̀sì ti lọ tán. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi jẹ́ ti ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ni nílé ìwé aládàáni kan ládùúgbò yẹn. Mi ò ní dárúkọ òun, mi ò sì ní dárúkọ ilé ìwé náà. Ó ti lo ọdún méjì níbẹ̀, ₦40,000 ni wọ́n ń san fún un. Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kúrò, ì báà jẹ́ òun tàbí ilé ìwé, gbọ́dọ̀ fún ẹnì kejì ní nótíìsì oṣù kan. Ó kúrò ní Èjìgbò ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù, àbúrò rẹ̀ ló mú lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ lọ sílé ìwé lọ́jọ́ kejì. Ìdáhùn tó gbà ni pé: "A ò gba lẹ́tà yìí. Kó padà wá parí oṣù kan rẹ̀." Wọn ò san owó ọjọ́ méjìdínlógún tó ti ṣe. Ojúlówó ìwé ẹ̀rí NCE rẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wà nínú dúrọ́ọ̀ wọn síbẹ̀. Wọ́n tún wá pe onídùúró rẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan ní mọ́ṣáláṣí wọn, pé tí ọmọ ò bá yọjú, àwọn á mú ọlọ́pàá wá bá a.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ku díẹ̀ kó jẹ́ pé gbogbo àṣìṣe tí agbanisíṣẹ́ lè ṣe ló wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà. Ọ̀gá ò ní agbára láti kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀. Ó lè bínú, ó lè fà á ya, ó lè ní òun ò rí i, kò yí nǹkan kan padà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ wa ti sọ èyí nínú ẹjọ́ Yesufu àti Gómìnà Ìpínlẹ̀ Edo lọ́dún 2001, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì tún un sọ nínú ẹjọ́ WAEC àti Oshionebo lọ́dún 2006: ọjọ́ tí lẹ́tà bá ti tẹ ọ̀gá tàbí aṣojú rẹ̀ lọ́wọ́ ni iṣẹ́ ti parí, kì í ṣe ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí ọ̀gá bá buwọ́ lù ú pé òun gbà. Ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ ni láti lọ. Abala 34 nínú òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 náà sì là á mọ́lẹ̀ pé a ò gbọ́dọ̀ fi tipátipá mú ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́. Ilé ẹjọ́ lè pàṣẹ pé kí o san owó, àmọ́ ẹ ò ní rí adájọ́ tó máa pàṣẹ pé kí tíṣà padà láti Abidjan wá máa kọ́ Primary 4 ní Èjìgbò.

Ṣùgbọ́n kéèyàn ní ẹ̀tọ́ láti lọ ò túmọ̀ sí pé ọ̀fẹ́ ni lílọ náà. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ò ti fẹ́ gbọ́ nìyí. Àdéhùn ni nótíìsì. Tí o bá buwọ́ lùwé pé oṣù kan lo máa fún wọn, tí o wá lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, o ti da àdéhùn, o sì ti jẹ gbèsè. Iye gbèsè náà la wá ń wò. Òun sì ni owó oṣù kan, owó tó dípò àkókò tí o kọ̀ láti ṣe. Ọ̀gá tó bá ní ìpalára tòun jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú ẹ̀rí wá síwájú adájọ́. Kì í ṣe kó jókòó sínú ọ́fíìsì kó máa bu owó ìtanràn lé e lórí bó ṣe wù ú.

Nínú ọ̀rọ̀ tíṣà yìí, ẹ wo bó ṣe rọrùn tó. Ó jẹ ilé ìwé ní ₦40,000, owó oṣù kan dípò nótíìsì. Ilé ìwé náà jẹ ẹ́ ní owó ọjọ́ 18 tó ti ṣe. Tí a bá pín ₦40,000 sí ọjọ́ 30, ₦24,000 nìyẹn. Ẹ yọ ọ́. ₦16,000 ló kù tí ọmọbìnrin yìí máa san. Ìṣirò ni, kì í ṣe ìjà. Owó tó kéré sí owó bọ́ọ̀sì tó wọ̀ lọ lẹ fẹ́ tìtorí ẹ̀ gbé ọlọ́pàá lọ bá bàbá àgbàlagbà?

Ẹni tí kò ní ìwé àdéhùn kankan ńkọ́? Àwọn ló pọ̀ jù. Wọ́n bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ lẹ́nu, ó ní "máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé", iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní Labour Act, tó ti wà láti ọdún 1974, ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó sọ bí àdéhùn wọn ṣe rí kó tó pé oṣù mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, iye nótíìsì sì wà lára ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé náà. Tí kò bá sí àdéhùn lórí rẹ̀, abala 11 òfin yẹn ti ṣètò rẹ̀. Ẹni tí kò tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ, nótíìsì ọjọ́ kan péré. Ẹni tó ti lé ní oṣù mẹ́ta tí kò sì tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Láti ọdún méjì sókè tí kò tíì pé márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó bá ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù kan. Èyí tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ kan gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀. Bákan náà ló ṣe de ọ̀gá, ló ṣe de òṣìṣẹ́.

Torí náà ọmọ tó ń bá wọn ta oògùn fún oṣù mẹ́jọ, tí wọn ò fún níwèé kankan, tí ọ̀gá wá ń sọ pé "oṣù mẹ́ta ni nótíìsì níbí", ọ̀sẹ̀ kan ló jẹ ọ̀gá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó kù síbì kan o, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá sọ lọ́la pé mo ṣi òun lọ́nà. Àwọn tí Òfin Iṣẹ́ yìí ń pè ní òṣìṣẹ́ ni àwọn tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé. Ó yọ àwọn tó wà nípò ìṣàkóso àti àwọn oníṣẹ́ àkọ́mọ̀ọ́ṣe bíi dókítà tàbí lọ́yà sílẹ̀, àwọn lọ́yà sì lè jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú lórí bóyá tíṣà wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí. Fún àwọn tó bọ́ sẹ́yìn òfin yẹn, ohun tó bá wà nínú ìwé àdéhùn ló ń ṣiṣẹ́. Tí kò bá sí nínú ìwé, adájọ́ á wo irú iṣẹ́ náà àti bí wọ́n ṣe ń sanwó rẹ̀, kó tó sọ iye nótíìsì tó bójú mu. Ẹni tó ń gba owó oṣù, oṣù kan ni kó fi sọ́kàn.

Ìwé ẹ̀rí wá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń mú mi bínú jù, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ta ló ní kí ilé ìwé aládàáni máa gba ojúlówó ìwé ẹ̀rí tíṣà pa mọ́? Wọ́n á ní àwọn fẹ́ "yẹ̀ ẹ́ wò". Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ dá a padà, ẹ ya fọ́tòkọ́pì. Ìwé tí o fi ọdún mẹ́ta jókòó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì gbà, ohun ìní tìrẹ ni. Kò sí nínú àdéhùn pé o fi dúró fún gbèsè, ẹni tó bá dì í mú kò sì yàtọ̀ sí ẹni tó di ohun ìní ẹlòmíràn mú láìnídìí. Àwọn agbanisíṣẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é ni pé wọ́n mọ̀ pé tíṣà tí kò ní ìwé lọ́wọ́ ò lè wáṣẹ́ síbòmíì, kò sì ní lọ.

Àwa Yorùbá ní orúkọ fún irú ètò bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́: ìwọ̀fà. Ẹni tó yá owó á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe kì í dín ojú owó kù, èlé ni. Ó dìgbà tí wọ́n bá san ojú owó pé kó tó bọ́. Samuel Johnson kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1921. Ó tiẹ̀ sàn fún ìwọ̀fà ní ti pé gbogbo ayé mọ iye tó jẹ. Mo ti ka lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ kan rí tó ní òṣìṣẹ́ tó bá kúrò kí ọdún méjì tó pé á san ₦500,000 fún "ìdánilẹ́kọ̀ọ́". Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wo? Ọ̀sẹ̀ kan tó fi jókòó ti ẹni tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kó lè mọ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ ìṣirò! Tí ilé iṣẹ́ bá ná owó gidi lórí òṣìṣẹ́, tó rán an lọ kọ́ṣẹ́ níbì kan tí ìwé owó sì wà, ìyẹn ṣeé jíròrò, kóòtù náà á wò ó. Àmọ́ iye tí wọ́n kàn bù láti fi dẹ́rù bà á, ìyà lásán ni, òfin kì í sì í ti irú ẹ̀ lẹ́yìn.

Ẹ má rò pé àwa nìkan ni. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan tó wà láti ọdún 1823, Master and Servant Act, jẹ́ kí adájọ́ lè rán òṣìṣẹ́ tó bá já iṣẹ́ sílẹ̀ kí àdéhùn tó pé lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ọ̀gá tó bá da àdéhùn tirẹ̀ ńkọ́? Owó ló máa san, kò sí ẹ̀wọ̀n níbẹ̀. Ó di ọdún 1875 kí wọ́n tó fòpin sí ẹ̀wọ̀n yẹn lọ́hùn-ún, irú òfin náà sì ni wọ́n kó wá sí àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní Áfíríkà. Nígbà tí ọ̀gá kan bá ń sọ lónìí pé "màá ní kí wọ́n tì í mọ́lé", ọ̀rọ̀ ọdún 1823 ló ń sọ, kò kàn mọ̀ ni.

Torí òfin wa ti kọjá ibẹ̀. Abala 32 nínú Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ ọ́ gbangba pé a ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn torí ẹ̀sùn pé ó da àdéhùn tàbí pé ó jẹ gbèsè lásán. Òfin yẹn kan náà kọ̀ kí wọ́n mú ẹlòmíì dípò ẹni tí wọ́n ń wá. Nítorí náà, bàbá tó ṣe onídùúró, kò sí ohun tó kan ọlọ́pàá nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ tún wo fọ́ọ̀mù tí bàbá náà buwọ́ lù: ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé tí ọmọ yìí bá jalè tàbí tó ba nǹkan jẹ́, òun á dá a padà. Kò sí nínú rẹ̀ pé ọmọ ò ní kúrò níṣẹ́ láéláé. Tí ọmọ ò bá jí nǹkan kan, kí ni wọ́n ń bá bàbá fà?

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọ̀gá mọ̀ pé òfin ò sí lẹ́yìn òun. Ìtìjú ló ń fi ṣiṣẹ́. Ìlú kékeré ni Èjìgbò. Gbogbo wa la mọ ilé ara wa, láti Ìsàlẹ̀ Òṣòlò títí dé Òkè Màpó. Tí ọlọ́pàá bá dé ẹnu ọ̀nà bàbá ní ọ̀sán gangan, kó tó di àṣáálẹ́ gbogbo àdúgbò á ti gbọ́, kò sì sẹ́ni tó máa dúró béèrè bóyá ọ̀rọ̀ ₦16,000 ni. Bàbá á pe Abidjan, á ní "ìwọ ọmọ yìí, o ti bà mí lórúkọ jẹ́". Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gba owó nìyẹn.

Ìtanràn náà wà níbẹ̀. Ẹni tó pẹ́ dé, wọ́n á yọ ₦500. Ẹni tó gbàgbé nótì ẹ̀kọ́, ₦1,000. Abala 5 Òfin Iṣẹ́ kọ̀ kí agbanisíṣẹ́ yọ owó ìtanràn nínú owó òṣìṣẹ́. Tí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ pàápàá, ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lákọsílẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kó tó yọ kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ wa ń fi ìtanràn sílẹ̀ lóṣooṣù bí ẹni ń san ìdámẹ́wàá.

Mo ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀gá nìkan ló ń ṣe àìdáa. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ fi ara yín sípò ìyá kan tó dá ilé ìwé kékeré sílẹ̀ pẹ̀lú tíṣà méje. Olùkọ́ Mathematics kan ṣoṣo ló wà fún SS3. Oṣù kẹrin la wà, WAEC ti kù sí dẹ̀dẹ̀, olùkọ́ náà sì wọ bọ́ọ̀sì. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìwé tó kọ máàkì àwọn ọmọ sí wà nínú báàgì rẹ̀, ó ti gbé e kọjá bodè. Àwọn òbí ń pe ìyá yìí lórí fóònù láàárọ̀, lálẹ́. Owó oṣù kan tí òfin ní kí olùkọ́ náà san ò lè san ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Àwọn ọmọ yẹn ò bá a ṣe àdéhùn kankan, wọn ò yọ owó rẹ̀, àwọn ló sì máa jókòó síwájú ìwé ìbéèrè. Ní tèmi, ẹni tó bá ń kọ́ kíláàsì ìdánwò tàbí tó ń tọ́jú aláìsàn, kó ṣe nótíìsì rẹ̀ pé bí ọ̀nà bá wà rárá, kó má ronú owó dípò. Mi ò rí i kà nínú òfin o. Èrò mi ni.

Àwọn tó tiẹ̀ ń lọ láìsọ rárá, tí wọ́n ń jẹ nǹkan méjì, ìyẹn tún burú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú sọ níbi ayẹyẹ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba l'Ábùjá pé àwọn kan ti kó lọ sókè òkun láì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, tí owó oṣù ìjọba ṣì ń wọ àpò wọn. Ó ní kí wọ́n dá owó náà padà, kí wọ́n sì fìyà jẹ àwọn ọ̀gá ẹ̀ka tó mọ̀ sí i. Ẹni tí ò sọ fún ọ̀gá torí bọ́ọ̀sì fẹ́ lọ, mo lè gbèjà rẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí ò sọ torí kó lè máa gba owó ní Abuja kó sì máa gba owó ní London, kí ni kí n wí fún un?

Ṣùgbọ́n ìjọba náà, ẹ jẹ́ ká má gbàgbé. Ní Ọ̀ṣun níbí, láti ọdún 2015 títí wọ ọdún 2018, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ipò wọn ga gba ààbọ̀ owó oṣù, àwọn tó wà láàárín gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ìjọba ní owó tó ń wọlé ló já wálẹ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́. Àmọ́ nínú òfin, owó oṣù ni ọwọ̀n tó gbé àdéhùn iṣẹ́ dúró. Ọ̀gá tí kò san án ti kọ́kọ́ da àdéhùn kó tó kan ìwọ. Abala 11 tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan náà ṣí àyè sílẹ̀: tí ìwà ẹnì kejì bá burú débi tí òfin fi gbà kéèyàn fòpin sí àdéhùn lójú ẹsẹ̀, nótíìsì ò pọn dandan mọ́. Oṣù mẹ́ta láìgba owó, ọ̀gá tó ń fọwọ́ pa òṣìṣẹ́bìnrin lára, ẹ̀rọ tó ti gé ọwọ́ ẹnì kan tí wọn ò tún un ṣe: nínú irú èyí, lọ. Lọ lónìí. Kàn rí i pé o kọ ìdí rẹ̀ sínú lẹ́tà, ní kedere, pẹ̀lú àwọn ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, torí ẹni tó lọ láìsọ ìdí, ó máa ṣòro fún un láti wá sọ ìdí náà lẹ́yìn ọdún kan ní kóòtù.

Tó bá wá jẹ́ pé kò sí aburú kankan, tó kàn jẹ́ pé Abidjan pè ọ́ ńkọ́? Kọ lẹ́tà. Ìlà mẹ́rin tó: ọjọ́ òní, pé o ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ tí o máa ṣe é kẹ́yìn, pé o ṣe tán láti san owó dípò ọjọ́ nótíìsì tó kù. Má bú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, má ròyìn gbogbo ohun tí ìyàwó ọ̀gá ṣe fún ọ lọ́dún tó kọjá. Ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí ẹni tó bá gbà á buwọ́ lu ọ̀kan kó sì kọ ọjọ́ sí i. Tí wọ́n bá kọ̀ láti buwọ́ lù ú, ya fọ́tò rẹ̀ lórí tábìlì wọn, kí o sì tún fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp àti í-meèlì. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 gba ohun tó jáde láti inú fóònù àti kọ̀ǹpútà wọlé ní kóòtù, àmọ́ ó ní ìwé mìíràn tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi tì í, ìdí nìyẹn tí ìwé ọwọ́ fi sàn jù.

Kó o tó lọ, bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà yín, pé tó bá gbọ́, á dá owó oṣù dúró. Nígbà míì ó máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin gbà kí ọ̀gá fi nótíìsì jìn ọ́, ẹ ò sì ní gbà gbọ́ iye ọ̀gá tó máa ń sọ pé "ó dáa, ṣáà fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ ẹni tó máa rọ́pò rẹ" tí wọ́n bá fi ọ̀wọ̀ bá wọn sọ ọ́. Tí o bá ní ọjọ́ ìsinmi ọdún tí o kò tíì lò, béèrè bóyá wọ́n á kà á mọ́ ọn. Dá kọ́kọ́rọ́, fóònù iṣẹ́ àti ìwé máàkì padà, kí o sì gba àkọsílẹ̀ pé o dá wọn padà. Ohun tí wọ́n sábà máa ń fi ń pe èèyàn lólè lẹ́yìn tó ti lọ nìyẹn. Ìwé ẹ̀rí rẹ, gbà á kí ọjọ́ tó pé, sọ pé o fẹ́ ya fọ́tòkọ́pì rẹ̀.

Owó tí o jẹ, san án sí àkáǹtì ilé iṣẹ́, kì í ṣe sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kọ "owó oṣù dípò nótíìsì" sínú àlàyé rẹ̀, kí o sì tọ́jú rìsíìtì. Tí Òfin Iṣẹ́ bá kàn ọ́, owó oṣù gan-an ni wọ́n ń kà, kì í ṣe àlàwáǹsì tàbí owó àṣekún. Ọ̀gá tó bá gbà á tán tó tún di ìwé ẹ̀rí mú, tàbí tó kọ̀ láti san owó ọjọ́ tí o ṣe, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, National Industrial Court, ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn, òun sì ni òfin ilẹ̀ wa fún láṣẹ lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Àmọ́ lẹ́tà lọ́yà kan ṣoṣo ló máa ń yanjú púpọ̀ nínú ẹ̀ kó tó débẹ̀.

Ọmọbìnrin tíṣà yẹn ti fi ₦16,000 ránṣẹ́ sí ilé ìwé, àbúrò rẹ̀ ti gba ìwé ẹ̀rí. Ó gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, pẹ̀lú lẹ́tà méjì. Bàbá onídùúró ò tíì máa dá a lóhùn dáadáa lórí fóònù.

Ẹ̀yin tí ẹ bá sì ń lọ, tí ẹ bá ríṣẹ́ olóṣù ní Abidjan dípò ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yìí níbẹ̀. Òfin iṣẹ́ Ivory Coast ti ọdún 2015 ní tirẹ̀, préavis ni wọ́n ń pè é, ẹni tó bá sì já iṣẹ́ sílẹ̀ láì ṣe é á san owó fún ẹnì kejì, ọ̀gá tàbí òṣìṣẹ́. Àwọn bàbá tó ti padà wálé sí Èjìgbò mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.